Wọ́n á ní kí ọmọ mi dùbúlẹ̀, wọ́n á tẹ aago: kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun mi.

Ìbejì ni mo bí, Táíwò ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, wọ́n ti pé ọdún 7. Táíwò pẹ́ kó tó rìn, wọ́n ní ọkùnrin máa ń pẹ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún 4, mo rí i pé tó bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ́ dìde, kì í fò dìde bíi ti ìkejì rẹ̀. Á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, á na ìdí sókè, á wá máa fi ọwọ́ gun ara rẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ: orúnkún, itan, ìbàdí, kó tó nàró. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tóbi, ó sì le bíi ti agbábọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn á máa kí mi pé ọmọ alágbára ni mo bí. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín.

Dókítà tá a kọ́kọ́ lọ bá ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, torí pé ALT àti AST, èròjà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Odidi ọdún kan la fi lo oògùn ẹ̀dọ̀. Màmá kan ládùúgbò ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, ó ní kí n máa fi òrí ra á lẹ́sẹ̀. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, ó ní kí Táíwò jókòó sílẹ̀ kó dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó. Ó dákẹ́, ó ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò CK, èròjà iṣan tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ó lé ní 18,000, nígbà tó jẹ́ pé ti ọmọ tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 200 lọ. A fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, èsì dé: Duchenne ni, àìsàn tó ń jẹ iṣan run díẹ̀díẹ̀; exon 48 sí 50, ìyẹn àwọn ìpín kan, ò sí nínú jíìnì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè rèé. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń lọ rí físíò. Kì í fún un lóògùn, kì í ra á lẹ́sẹ̀. Á ní kó dùbúlẹ̀, kó dìde, á tẹ aago. Á ní kó sáré, á tẹ aago. Kó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Á wá máa kọ 2, 1, 0 sínú ìwé. Owó ọkọ̀ wa ń tán, kí ni aago fẹ́ ṣe fún ọmọ mi? Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston sì ń pè lójoojúmọ́ pé abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan-ṣoṣo ti dé ní Amẹ́ríkà, ká ta ilẹ̀ wa tó wà ní Mọ́níyà ká máa bọ̀. Ṣé ká tà á?

Aláàánú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá wa. Ẹ̀jìrẹ́ á gbé yín. Mi ò ní ìmọ̀ kankan lórí ẹ̀, mo kàn ní kí n kí yín ni.

Físíò Òkè-Ìlú (Abẹ́òkúta)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n bá físíò yín rojọ́, torí ọmọ ẹgbẹ́ mi ni.

Bí ọmọ yín ṣe ń gun itan ara rẹ̀ yẹn, ó ní orúkọ. Dókítà ará London kan tó ń jẹ́ William Gowers kọ nípa rẹ̀ ní 1879, orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń pè é. Iṣan ìbàdí àti ti itan ni àìsàn yìí kọ́kọ́ máa ń bá jà, ọwọ́ ṣì lágbára nígbà náà. Ọmọ náà ò mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tó ṣàjèjì. Ara rẹ̀ ló dọ́gbọ́n sí i, ó fi apá ran itan lọ́wọ́. Tá a bá fẹ́ mọ ibi tí agbára itan dé, kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi tó dára ju pé kó dùbúlẹ̀, kó dìde, ká ka ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Mo máa ní "tì mí", ọmọ á tì mí, màá wá fún un ní òdo sí 5. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tèmi àti ọwọ́ tìrẹ ò rí bákan náà, ọmọ lè ti pàdánù agbára púpọ̀ kí ọwọ́ ẹni tó fura. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ọmọ máa ń tì tó ń kọ iye agbára jáde. Ó dára, àmọ́ ẹ ní kí ọmọ ọdún 5 tì í tagbára-tagbára, á máa rẹ́rìn-ín ni.

Ìwé 2, 1, 0 yẹn ń jẹ́ North Star. Àwọn ará Britain ló ṣètò rẹ̀ fún ọmọ Duchenne tó ṣì ń rìn. Nǹkan 17 ló wà níbẹ̀: dídúró, rírìn, dídìde lórí àga, fífi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró, gígun àpótí àti sísọ̀ látorí rẹ̀, gígbé orí sókè nígbà téèyàn dùbúlẹ̀, fífi gìgísẹ̀ nìkan dúró, fífò, títa kítikìti lẹ́sẹ̀ kan, eré mítà 10, àti àwọn yòókù. Tó bá ṣe é bó ṣe yẹ, 2. Tó bá dọ́gbọ́n sí i, bí ọwọ́ lórí itan yẹn, 1. Tí kò bá lè dá a ṣe, òdo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34.

Mélòó ni ti Táíwò? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ físíò yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ó yẹ kẹ́ ẹ ní i lọ́wọ́.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Ó ṣeun, Ọ̀gá Físíò. Mo pè é, ó ka gbogbo ẹ̀ fún mi. Oṣù kejì ọdún tó kọjá, 24. Oṣù kẹjọ, 25. Báyìí, 23. Ó ń sàn, ó tún ń burú, kò yé mi.

Bàbá Leeds

Ìyá Ìbejì, àmì ọmọ yín yẹn gan-an ló ń da àwọn olùwádìí láàmú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ọmọ mi wà nínú ìwádìí oògùn kan fún ọdún kan àtààbọ̀, ojú mi rí nǹkan.

Ọmọ Duchenne ń dàgbà bíi gbogbo ọmọ. Ó ń ga, ó ń kọ́ ọgbọ́n ara. Àìsàn náà sì ń jẹ iṣan rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 7, ìdàgbà máa ń borí, àmì á máa gòkè. Lẹ́yìn náà àìsàn á borí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ wo 24, 25, 23. Ibi tó ti ń yí gan-an lẹ wà yẹn.

Ẹ wá gbé e sórí abẹ́rẹ́ tí àbúrò ọkọ yín ń sọ. Mo gbà pé Elevidys ló ní lọ́kàn. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlèpanilára ni wọ́n fi ń gbé jíìnì kúkúrú kan wọ inú iṣan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2023 fún ọmọ ọdún 4 sí 5, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 2024. Iye tí wọ́n dá lé e ni dọ́là mílíọ̀nù 3.2. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kó ọmọkùnrin 125 jọ, ọdún 4 sí 7. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn gidi, wọ́n fún àwọn kan ní omi lásán, kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, North Star àwọn tó gba oògùn gòkè ní 2.6. Ẹ mọ iye tí ti àwọn tó gba omi lásán fi gòkè? 1.9! Ìyàtọ̀ ò tó àmì kan, ìṣirò sì ní ó lè jẹ́ èèṣì. Òótọ́ ni pé àwọn tó gba oògùn yára dìde nílẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù, ìyẹn ló mú kí àríyànjiyàn ṣì máa lọ. Ṣùgbọ́n ní 2025, ọmọkùnrin méjì tí kò rìn mọ́ gbà á, ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kú. Ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ fífún àwọn tí kò rìn mọ́ dúró.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ta ilẹ̀ yín. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ ohun tí owó ilẹ̀ fẹ́ rà.

Jagun Ìjẹ̀bú

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí àìmọ̀kan mi. Ẹ ní inú jíìnì ló wà. Ṣebí AS àti AS tó bá fẹ́ra ló ń bí ọmọ aláìsàn? Kí ni jẹ́nótáìpù ìyá àti bàbá?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

AA lèmi, AS lọkọ mi. Ìbéèrè tí ìyá ọkọ mi náà bèèrè nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ ní ẹ̀gún nínú. Ó ní ìran tàwọn ò ní irú ẹ̀ rí.

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀)

Jagun, ẹ ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń rò ó torí pé AS àti SS nìkan ni wọ́n fi kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó so wá pọ̀. Ó yàtọ̀ sí èyí. Ti fòníkú-fọ̀là-dìde, ìyá àti bàbá ló gbọ́dọ̀ dì í mọ́wọ́ wá. Ti Duchenne wà lórí kúrómósómù X. Obìnrin ní X méjì, tí ọ̀kan bá ní àléébù, ìkejì á sábà bò ó. Ọkùnrin ní ẹyọ kan, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí Táíwò fi ní i tí ara Kẹ́hìndé fi le. Ṣùgbọ́n kí màmá ọkọ yín tó na ìka, kó gbọ́ èyí: nínú ọmọ mẹ́ta tó ní i, nǹkan bí ẹnìkan ni ìyá rẹ̀ ò gbé e rárá. Àṣìkọ tuntun ni, ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da jíìnì náà kọ. Jíìnì yìí ló tóbi jù nínú gbogbo ti èèyàn, ó ní lẹ́tà tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, exon 79. Ìwé tó gùn tó bẹ́ẹ̀, àṣìkọ ò lè ṣàì sí níbẹ̀. (Torí 79 yẹn ni wọ́n ṣe fi ọjọ́ 7 oṣù 9 ṣe ọjọ́ Duchenne lágbàáyé.) Ìyá Ìbejì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín náà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó gbé e, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo ọkàn yín láti ìgbà dé ìgbà.

Iṣẹ́ tí jíìnì náà ń ṣe ni kó pèsè purotéènì tó ń jẹ́ dystrophin. Iléeṣẹ́ ìwádìí Louis Kunkel ní Boston ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1987. Ẹ fi okùn tó so àgọ́ mọ́ èèkàn wé e: inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ló so mọ́ awọ ìta rẹ̀. Tí kò bá sí, gbogbo ìgbà tí iṣan bá fún ara rẹ̀ pọ̀, awọ yẹn ń ya díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nínú á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. CK yín nìyẹn. ALT àti AST náà wà nínú iṣan, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀ nìkan, ibẹ̀ ni dókítà yín àkọ́kọ́ ti ṣìnà. Tó bá yá, ọ̀rá àti ẹran gbígbẹ á gba ipò iṣan. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó tóbi yẹn, agbára kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ní ti exon 48 sí 50, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ilé ṣe é. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni ara ń ka jíìnì. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó kọ ni OWO ILE OMO OJA. Ẹ yọ lẹ́tà kan ṣoṣo kúrò lára OWO, kẹ́ ẹ wá máa ka mẹ́ta-mẹ́ta lọ: OWI LEO MOO JA. Gbogbo ohun tó kù ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ ILE lódindi, OWO OMO OJA ló kù; ó dín, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. Ohun tó dín tó ṣì ṣeé kà yẹn ni wọ́n ń pè ní Becker, ó rọra ju Duchenne lọ. Ti Táíwò bàjẹ́ látibi tí 48 sí 50 ti sọnù lọ. Tí wọ́n bá mú kí ara fo exon 51 náà, kíkà á tún bọ́ sójú ọ̀nà. Nǹkan bí ọmọ 13 nínú 100 ni irú oògùn yẹn lè wúlò fún, Táíwò sì wà lára wọn. Eteplirsen lorúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Ọmọ Láàbù, mo ka OWI LEO MOO JA fún ọkọ mi, ó ní kí n tún un kà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí àìsàn yìí láì bínú. Ṣé oògùn tó fo exon 51 yẹn wá ń wò ó sàn?

Bàbá Leeds

Ó ń fo exon lóòótọ́. Ìbéèrè ni iye dystrophin tó ń jáde. Ọmọ 12 péré ló wà nínú ìwádìí tí wọ́n gbé lé, dystrophin tí wọ́n rí nínú iṣan wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé ò sì tó ìdá 1 nínú 100 ti ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá wọn fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ ọ́ ní 2018. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, títí ayé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tọ́mọ mi wà nínú tiwa, ìrìn ìṣẹ́jú 6 ló wà lóde. Wọ́n á na ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 25, wọ́n á gbé nǹkan sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ọmọ á máa lọ á máa bọ̀, físíò kan á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Ìyàtọ̀ mítà 30 ni wọ́n kà sí nǹkan pàtàkì. Ẹ gbọ́ o: lọ́jọ́ kan, ọmọ mi bínú pé a ò ra bísíkíìtì tí mo ṣèlérí, ó jókòó sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹrin, ó ní òun ò rìn mọ́. Ó fi ìbínú bísíkíìtì pàdánù ju mítà 30 lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi dùn sí ohun tuntun tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bí aago ọwọ́ ló rí, ọmọ á so ó lọ ilé ìwé, so ó lọ ibi eré. Ó ń ka gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wá mú ibi tí ìṣísẹ̀ 5 tó yá jù nínú 100 ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn fi ohun tó lè ṣe gan-an hàn nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù gbà á wọlé ní 2019 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n kejì, wọ́n wá gbà á ní 2023 pé ó lè dúró bí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Kò sí bísíkíìtì nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ewé-ń-jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ fi àwọn òyìnbó sílẹ̀. Mo ní àgbo kan, ìgò mẹ́ta, ọmọ á máa sáré…

Alábòójútó

Mo ti yọ nọ́ńbà fóònù àti iye owó kúrò lára ọ̀rọ̀ òkè yìí. Ewé-ń-jẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tẹ́ ẹ wọ̀n kó tó mu ún, tẹ́ ẹ sì wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé àmì méjèèjì wá. Tí kò bá sí, ẹ ṣíwọ́.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Wọ́n kọ prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, fún Táíwò láti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ojú ẹ̀ wú, ó di róbótó, àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é ní Ọ̀gá Búrẹ́dì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́. Nígbà míì mi ò ní fún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sọ fún dókítà.

Nọ́ọ̀sì Tíátà (London)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì mọ́! Mi ò bú yín, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ara ọmọ tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì fún oṣù mẹ́sàn-án ti fi iṣẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá já a gbà lójijì tí ibà bá wá mú un, ó lè dá kú. Tó bá ń bì tí oògùn ò dúró nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé sítẹ́rọ́ìdì ló ń lò. Ẹ lọ jẹ́wọ́ fún dókítà yín lọ́la, òun ló mọ bí yóò ṣe tún un ṣe.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé oògùn tẹ́ ẹ̀ ń fo yẹn ni wọ́n wọ̀n dáadáa jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti dárúkọ. Láti 1989 ni ìwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé prednisone, ẹgbẹ́ prednisolone yín, ń mú kí agbára àwọn ọmọ yìí pẹ́ sí i. Ohun tí a ò mọ̀ nígbà náà ni bóyá ojoojúmọ́ ló dára àbí ká fún un fún ọjọ́ 10 ká sinmi ọjọ́ 10, torí gbogbo ìyá ló ń sá fún ojú wíwú. Wọ́n wá kó ọmọkùnrin 196 jọ ní orílẹ̀-èdè 5, ọdún 4 sí 7, wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ta. Èsì jáde ní 2022: ojoojúmọ́ borí. Ṣé ẹ mọ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní kí ọmọ dùbúlẹ̀, kó dìde, wọ́n tẹ aago.

Ẹ ò rí i báyìí? Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé yín ni. Ó láǹfààní, ó ní wàhálà: egungun lè fọ́, ọmọ lè má ga tó, ẹyinjú lè ní àléébù, oúnjẹ á máa wù ú jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo gbogbo ìyẹn. Oògùn tuntun kan tó jọ ọ́, vamorolone, ti gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n ní ìdíwọ́ tó ń ṣe fún gíga ọmọ kéré. Owó rẹ̀ ò sún mọ́ ti prednisolone.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí torí iṣẹ́ mi ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún Táíwò, ì báà ṣe ìpákè tàbí eyín, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fún un lóògùn oorun pé Duchenne ni. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ suxamethonium, ó lè mú ọkàn ọmọ Duchenne dúró lórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì ọsibítù rẹ̀. Mo mọ ìyá tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Arẹ̀mọ (Èkó)

Mo ti ń ka gbogbo yín, mo sì ń bínú díẹ̀. Ẹsẹ̀, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀. Ọmọ tèmi ti pé ọdún 16, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó kúrò lórí ẹsẹ̀. Gbogbo ìwádìí tí mo kọ̀wé sí, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ lè rìn. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ (ẹ má pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́) ni wọ́n pa ìwé rẹ̀ dé.

Agbára ò tán lára ọmọ mi. Ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka méjì ya àwòrán lórí fóònù. Lọ́dún tó kọjá ó lè gbé ife omi dé ẹnu, ọdún yìí ó fi ọwọ́ òsì ti ọ̀tún lẹ́yìn kó tó dé e. Ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ kan àti ọwọ́ méjì yẹn, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Físíò Òkè-Ìlú

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, màmá. Ẹ̀bi wa ni. Òṣùwọ̀n ti wà fún ọwọ́, PUL ni wọ́n ń pè é: èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti ìka, gbígbé ife náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ń fi í ṣe ìwádìí fún àwọn tí kò rìn mọ́. Àwa níbí ni a ò lò ó tó. Ẹ ṣe fídíò ife yẹn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Ọ̀kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju ọwọ́ lọ: kó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn èémí. Ṣé wọ́n ti ṣe é fún un?

Ìyá Arẹ̀mọ

Ẹ̀ẹ̀kan, ọdún méjì sẹ́yìn. Orí ń fọ́ ọ láàárọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo rò pé fóònù ni.

Nọ́ọ̀sì Tíátà (London)

Màmá, ẹ má fi ìyẹn sórí fóònù. Orí fífọ́ láàárọ̀ lè jẹ́ pé kò mí dáadáa lóru. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn dókítà ní Newcastle ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ Duchenne wọn: ọdún 14.4 ni ìpíndọ́gba ìgbà tí wọ́n ń kú láàárín 1960 sí 1969, ó di 25.3 fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìmí lóru láti 1990. Atẹ́gùn lásán wà lára ohun tó fún wọn ní nǹkan bí ọdún 11 yẹn.

Ìyá Arẹ̀mọ

Atẹ́gùn tó nílò iná. Màá bá ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ ínfátà. Ẹ ṣé, ọmọ mi. A ti gba ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Mo ti jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó bú mi díẹ̀, ó tún ètò oògùn náà ṣe. Mo sọ fún àbúrò ọkọ mi pé kó sinmi ná. Ọ̀gá Físíò, ṣé mo lè máa tẹ aago náà nílé? Owó Dúgbẹ̀ lọ Dúgbẹ̀ bọ̀ ti ga.

Físíò Òkè-Ìlú

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, àárọ̀, kó tó lọ ṣeré. Orí ilẹ̀ líle, kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹní tó nípọn, kó bọ́ bàtà. Kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó na ẹsẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ ní "ó yá", ẹ tẹ aago. Ìgbà tó bá nàró tán tí ọwọ́ kúrò lára itan ni kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ ṣe fídíò rẹ̀, torí bó ṣe dìde ṣe pàtàkì tó iye ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ má wá ní ẹ̀ ń fún un ní eré ìdárayá kó baà lè yára. Sísọ̀ látorí àtẹ̀gùn léraléra àti fífò máa ń ya iṣan rẹ̀ ju gígòkè lọ. Omi lọ̀rẹ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ibi ìwẹ̀ tó dára. Tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré, ọsibítù ni.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

A ṣe é láàárọ̀ yìí ní pálọ̀. Táíwò, 6.1. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ itan, mo rí i nínú fídíò, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe méjèèjì. Kẹ́hìndé ní wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, kí n wọn òun náà: 1.8. Mo bẹ̀rù pé ojú á ti ìkejì rẹ̀. Àṣé ó ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ó kan Mọ́mì. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí táìlì tútù. Ó ní "ó yá". 4.4, ó ní mo fi ọwọ́ tẹ itan, 1 lòun máa fún mi.

Físíò Òkè-Ìlú

Àmì náà tọ́. Ẹ kọ ọjọ́ òní sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.